Morris Marina 1974 wà nílẹ̀: ṣé kí n rà á lódidi, àbí kí wọ́n tú u?

OmoIjebu_Midlands
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ kan kíákíá torí àsìkò ò sí. Obìnrin òyìnbó kan ládùúgbò wa níbí ní West Midlands fẹ́ ta mọ́tò tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Morris Marina 1.8 Super ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin, 1974, nọ́ńbà ẹ̀ parí sí M. Inú gáréèjì ló wà láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo táyà ti jò tán, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n wà á kẹ́yìn, wọn ò sì tíì rí ìwé mọ́tò yẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní MGB, mọ́tò eré àtijọ́ ti òyìnbó, ti fowó lọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ló bá wá, ó ní tóun bá ti yọ ẹ́ńjìnnì tán òun á pe àwọn tó ń fọ́ mọ́tò kí wọ́n wá gbé ìyókù. Kò wu obìnrin yẹn bẹ́ẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ ẹ lódidi, iye kan náà lòun máa gbà lọ́wọ́ mi. Dádì mi gun Marina nígbà tí wọ́n ń kàwé ní London láyé ọjọ́sí, fọ́tò ẹ̀ wà nílé wa, ìdí tí mi ò fi lè kàn kọjá lára ẹ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni pé mọ́tò yìí ti ṣọ̀wọ́n tó báwọn èèyàn ṣe ń sọ? Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o.

Egbon_Oxford
Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n tú u o. Dá obìnrin yẹn lóhùn lónìí pé o fẹ́ ẹ, ká tó máa sọ ìyókù.

Ó ṣọ̀wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ní 2006, ìwé ìròyìn mọ́tò Auto Express ṣe ìwádìí, wọ́n ní nínú nǹkan bíi 807,000 Marina tí wọ́n tà nílẹ̀ yìí, 745 péré ló kù lójú títì. Ìyẹn ò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Wọ́n ní nínú gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Britain láàárín ọgbọ̀n ọdún tó ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí èyí tí wọ́n fọ́ tó Marina. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò rà á nígbà yẹn o. Ní 1973, Ford Cortina nìkan ló tà jù ú lọ. Ìyá tíṣà, bàbá tó ń pín lẹ́tà, ilé iṣẹ́ tó ń ra mọ́tò fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn ló rà á. Mọ́tò tó pọ̀ lójú títì tó bẹ́ẹ̀, tí ọmọ tó dàgbà sílùú yìí lónìí ò wá rí ẹyọ kan rí, ó yẹ kéèyàn dúró rò ó.

Cowley níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oxford ni wọ́n ti ṣe é. Oṣù kẹrin 1971 ni wọ́n gbé e jáde. 1968 ni British Leyland, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Morris, dá sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ́tò tó máa bá Cortina du ọjà ní kíá, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá ṣa ohun tó wà nílẹ̀ jọ: ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀, inú ti Morris Minor tó ti wà látọdún 1948 ni wọ́n ti mú un, ẹ́ńjìnnì 1.3 jẹ́ A-series, ẹ́ńjìnnì 1.8 jẹ́ B-series, irú èyí tó wà nínú MGB gan-an, gíà wá láti ọ̀dọ̀ Triumph. Àwọn oníròyìn bú u nígbà yẹn torí pé àwọn 1.8 àkọ́kọ́, tó o bá fi eré wọ kọ́nà, iwájú ẹ̀ ò fẹ́ ṣẹ́rí, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà àmọ́ orúkọ ti bàjẹ́. 1980 ni wọ́n dá a dúró, wọ́n fi Morris Ital rọ́pò ẹ̀ títí di 1984.

Ohun tó pa wọ́n tán lójú tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdógùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù nílùú yìí kì í fojú rere wo irin. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an láàárín 1980 sí 1990, tí wọ́n bá gbé e lọ fún MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún nílẹ̀ yìí, tí wọ́n sì ní kí wọ́n lọ jó irin sí i, owó wẹ́dà ti ju owó mọ́tò lọ, olówó á kàn ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, òun náà lọ̀gbẹ́ni MGB yẹn sì tún fẹ́ ṣe: wọ́n pín Marina bí ẹran iléyá. Àwọn tó ní Minor wá mú bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì 1.3, àwọn tó ní MGB wá mú ẹ́ńjìnnì 1.8. Mọ́tò méjì táwọn èèyàn fẹ́ràn jù nílẹ̀ yìí ń fi ẹ̀yà ara ẹ̀ mí títí dòní.

Iya_Minor_Leeds
Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ẹ̀gbọ́n Oxford sọ. Èmi ní Morris Minor, 1967, bíréèkì dísìkì tó wà níwájú ẹ̀, ti Marina ni. Ẹni tó ni ín kó tó dọ́dọ̀ mi ló fi sí i. Bíréèkì Minor fúnra ẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ni níwájú lẹ́yìn, torí náà ìgbà tí títì di ti eléré, gbogbo èèyàn ń wá dísìkì Marina kiri torí pé ó ń wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà púpọ̀. Mo gbádùn ẹ̀ o, mi ò ní purọ́, ó ń mú dáadáa. Àmọ́ ìgbà tí Marina kún yáàdì àwọn tó ń fọ́ mọ́tò nìyẹn. Lónìí wọ́n ti ń ṣe bíréèkì dísìkì tuntun fún Minor, èèyàn lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Kò sídìí kankan mọ́ láti pa Marina torí ìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, jọ̀ọ́ rà á.

Baba_Tosin
Ẹ dákun, kí wá ni ìyàtọ̀? Tí ẹ́ńjìnnì bá wúlò fún MGB, ẹni tó ni MGB náà ń pa mọ́tò àtijọ́ mọ́ nìyẹn.

Welda_Brum
Bọ̀dá, ìyàtọ̀ wà o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Látọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń ṣe odidi bọ́dì MGB tuntun, ẹ lè rà á lódindi bí ẹ bá lówó lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì B-series kún ilẹ̀ yìí, inú ọkọ̀ akẹ́rù Sherpa wà, inú MGB tí wọ́n ti fọ́ wà, àwọn tó ń tún un ṣe pọ̀. Ọkùnrin yẹn máa rí ẹ́ńjìnnì níbòmíì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bọ́dì Marina ńkọ́? Kò sílé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Fẹ́ńdà tuntun tí wọ́n kó pa mọ́ látijọ́ ló kù, ẹni tó bá ní in ń fi pamọ́ ni. Torí náà tí wọ́n bá gbé bọ́dì yẹn lọ yáàdì, ó lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, bọ́dì lo máa rà, má wo ẹ́ńjìnnì rárá lọ́jọ́ tó o bá lọ wò ó. Ẹ́ńjìnnì tó ti gan, a máa tú u. Mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa lọ́wọ́, mú sikuruduráífà, kó o sì gba àyè lọ́wọ́ obìnrin yẹn kó o tó máa fi gún nǹkan o. Bẹ̀rẹ̀ láti irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó bá ń dún kùkù bíi páálí tàbí tó wọlé, ó ti jẹ nìyẹn. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo inú fẹ́ńdà níbi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ bọ́dì. Wo orí fẹ́ńdà àti ẹ̀yìn iná iwájú, erùpẹ̀ tútù máa ń pé jọ síbẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wo inú búùtù níbi tí táyà àfipamọ́ ń gbé. Lẹ́yìn, wo ibi tí síprìngì ẹ̀yìn ti wọ ara bọ́dì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: Marina ò ní síprìngì roboto níwájú, irin gígùn kan ló ń lọ́ tó ń gbé iwájú mọ́tò dúró, ẹ̀yìn irin yẹn wá so mọ́ igi irin tó dábùú abẹ́ mọ́tò. Tí igi irin yẹn bá ti jẹ, iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ṣeé ṣe o, mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún Minor, àmọ́ kó o ti mọ̀ kó o tó sanwó. Tó o bá máa wọ abẹ́ mọ́tò, má fi jáàkì nìkan gbé e, gbé e lórí sítáǹdì méjì kó o sì tì í wò kó o tó wọbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ò le tó fẹ́ńdà láti rí. Ilẹ̀kùn iwájú ti Marina onílẹ̀kùn méjì àti ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọ̀kan náà ni, ti Ital náà ń wọ̀ ọ́. Torí náà tó o bá rí Ital tó ti kọjá àtúnṣe, gba ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀.

OmoIjebu_Midlands
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó ní òun á dúró dè mí. Mo sì ti lọ wò ó. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ti jẹ díẹ̀, fẹ́ńdà apá kan ní ihò tí ìka mi lè wọ̀, àmọ́ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, igi irin tẹ́ ẹ sọ yẹn le kóko, mo fi sikuruduráífà tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Òórùn bẹntiróòlù tó ti bàjẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kọ̀ láti yí. Ṣé a lè fi bátìrì sí i ká gbìyànjú ẹ̀ wò?

Meka_Bradford
Háà! Má fi bátìrì sí i o, má tíì ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó fún ọdún gbọọrọ, tó o bá fi agbára yí i, o lè dá a lápá. Yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó o wá fi sípánà yí i lọ́wọ́ láti iwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má gbọ̀n ọ́n tipátipá. Tí kò bá yí, tún da òróró sí i, ní sùúrù. Tó bá ti yí lọ́wọ́ yípo gbogbo láìsí ìdènà, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ bátìrì, kó o sì ti pa òróró àtijọ́ inú ẹ̀ dà.

Fún bẹntiróòlù tó ń rùn, fà á jáde pátápátá, fọ táńkì, pa gbogbo hóòsì rọ́bà tó ń gbé epo dà. Látọdún 2021, E10 (èyí tí wọ́n pò mọ́ ethanol) ni bẹntiróòlù gbogbogbòò nílẹ̀ yìí, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́, epo á máa kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, iná ló ń dá sílẹ̀. Hóòsì tuntun tó lè gba E10 ni kó o rà, lẹ́yìn náà kó o máa ra E5, èyí tí ethanol ẹ̀ kéré sí i, tó sì wọ́n díẹ̀ níbi ilé epo. Ohun míì tún ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2000 ni wọ́n ti fòfin dá bẹntiróòlù olójé dúró, bẹ́ẹ̀ òjé yẹn ló ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ ibẹ̀ sí irin líle, máa da oògùn tó ń rọ́pò òjé sínú epo títí tó o fi máa rí owó tún un ṣe. Wọ́n ń tà á nínú ìgò.

Bíréèkì: má gbára lé ohunkóhun tó wà níbẹ̀. Sílíńdà àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti gan, hóòsì bíréèkì á ti wú nínú, pa gbogbo ẹ̀ dà kí mọ́tò yẹn tó kúrò lójú kan. Kílọ́ọ̀ṣì (clutch) náà lè ti lẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́, ọ̀nà wà láti tú u. Kò sí èyí tó máa pọn ọ́ lójú láti rí rà nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, torí pé àwọn tó ń tọ́jú MGB àti Minor ò jẹ́ kọ́jà ẹ̀ kú.

Níwájú, shock absorber ẹ̀ kì í ṣe irú tí a mọ̀ lónìí, apá irin ni, apá yẹn kan náà ló tún di ẹsẹ̀ iwájú mú lókè, bíi ti Minor. Tó bá ń jò, kì í ṣe ìrọ̀rùn gígun ẹ̀ nìkan ló máa bàjẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ yẹn ló máa máa mì. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan náà, orí irin oníṣíkúrù ni ẹsẹ̀ ń yí sí tó o bá ń yí sitiarín, gírísì ló sì jẹ́ ẹ̀mí ẹ̀. Tí gírísì bá gbẹ níbẹ̀ títí, ó lè já kí táyà dojú kọ ẹ̀gbẹ́ lójú títì. Ra gírísì gọ́ọ̀nù, kó o fa gírísì síbẹ̀ bí ìwé ìtọ́sọ́nà mọ́tò yẹn ṣe sọ. Àwọn táyà yẹn náà, kódà bí wọ́n bá gba afẹ́fẹ́, jù wọ́n nù.

Iya_Minor_Leeds
Mo gbè é lẹ́yìn lórí gírísì yẹn. Bí ẹ bá rí Minor tó dojú bolẹ̀ lẹ́bàá títì tí táyà iwájú ẹ̀ tẹ̀ wọnú, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Akowe_Croydon
Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìwé torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sọ mọ́tò nù. Bí V5C, ìyẹn ìwé mọ́tò yẹn, ò bá sí rárá, fọ́ọ̀mù V62 lo máa kọ sí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ní Swansea. Gba risíìtì lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kó buwọ́ lù ú, kó kọ nọ́ńbà mọ́tò àti nọ́ńbà bọ́dì sórí ẹ̀. Wá gbogbo inú ilé bàbá yẹn o: páálí MOT àtijọ́, risíìtì mẹkáníìkì, ìwé owó orí mọ́tò, kó gbogbo ẹ̀ pa mọ́. Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n ń kó gbogbo nọ́ńbà mọ́tò lọ sórí kọ̀ǹpútà Swansea, àwọn tí olówó wọn ò forúkọ wọn sílẹ̀ kó tó di ìparí oṣù kọkànlá 1983, nọ́ńbà wọn kúrò nínú ìwé. Ọ̀nà wà láti gbà á padà, V765 ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ̀rí àtijọ́ ni wọ́n máa bi ọ́. Lọ sórí ìkànnì ìjọba kó o tẹ nọ́ńbà yẹn wò, tí wọ́n bá sọ àwọ̀ ẹ̀ àti ọdún ẹ̀ fún ọ, ó ṣì wà nínú ìwé nìyẹn.

Tó o bá gbé e délé, ṣe SORN fún un, ìyẹn kó o sọ fún DVLA pé kò sí lójú títì, bí kò bá tíì lè rìn. Ọdún 1998 ni òfin SORN bẹ̀rẹ̀, mọ́tò tí wọ́n ti gbé sínú gáréèjì kó tó dìgbà yẹn lè má sí nínú iye tí wọ́n ń kà pé ó kù rárá. Ìdí tí mo fi gbà pé Marina tó kù ju èyí tí ìwé ń sọ lọ díẹ̀ nìyẹn, àwọn kan ṣì wà lábẹ́ aṣọ nínú gáréèjì àwọn arúgbó. Àwọn yẹn ló wà nínú ewu jù, torí ọjọ́ tí arúgbó bá kú, àwọn ọmọ á fẹ́ kólé jáde kíákíá.

Mọ́tò tó ti ju 40 ọdún lọ ò san owó orí mọ́tò mọ́, àmọ́ o gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò àtijọ́, kó o sì máa ṣe é lọ́dọọdún bó tilẹ̀ jẹ́ òdo pọ́n-ùn. Láti oṣù karùn-ún 2018, MOT náà ò pọn dandan fún un bí wọn ò bá yí i padà kọjá ààlà. Èmi á ṣì gbé e lọ fún MOT, kí ojú ẹlòmíì wo abẹ́ ẹ̀. ULEZ, owó tí mọ́tò tó ń tú èéfín burúkú jáde ń san ní London, ò kàn án. Ìnṣọ́ránsì: wá àwọn tó ń ṣe ti mọ́tò àtijọ́, kó o sì bá wọn fẹnu kò lórí iye owó ẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan fẹ́ san owó táṣẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n kọlu Rover ẹ̀, torí pé kò sí iye kankan nínú àdéhùn.

Baba_Tosin
Mo ti gbọ́ àlàyé yín, ó yé mi báyìí. Àmọ́ kí ló dé tí kò gbé e lọ sílé? Bàbá ẹ̀ á rí i, inú wọn á dùn.

Akowe_Croydon
Bọ̀dá, òfin Nàìjíríà ò gba mọ́tò àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ láti ọdún tí wọ́n ṣe é. Yóò há sí Apapa. Kí bàbá wá wò ó níbí ló dáa.

Egbon_Oxford
Èmi náà ò ní fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni kó wà. Àbúrò, ohun méjì ni mo fi kún un. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní Marina àti Ital wà, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó o tó ra páńẹ́ẹ̀lì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó ní fẹ́ńdà pa mọ́, àwọn ló máa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi sí mọ́tò. Ìkejì, má tètè kùn ún. Bí ọ̀dà àtijọ́ ẹ̀ bá ṣì dáa lápá ibi tó pọ̀, fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wẹ́dà ṣe ibi tó ti jẹ nìkan kó sì fi wax sínú irin tó dá ihò sí. Mọ́tò tí wọ́n bá kùn lódidi, kò sẹ́ni tó lè mọ bí wọ́n ṣe kùn ún ní Cowley mọ́. Super tó ṣì ní ṣíìtì ẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, ọ̀dà ẹ̀, èmi ò rí irú ẹ̀ lójú títì mọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é gan-an ni mò ń gbé o.

OmoIjebu_Midlands
Mo ti sanwó! Risíìtì wà lọ́wọ́ mi, obìnrin yẹn buwọ́ lù ú, ó tún rí páálí kan tí MOT àtijọ́ kún inú ẹ̀ nínú yàrá bàbá ẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà yẹn wò lórí ìkànnì, ó ṣì wà nínú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni MGB bínú díẹ̀, mo fún un ní nọ́ńbà ẹnìkan tó ń ta ẹ́ńjìnnì B-series, òun náà ti lọ síbẹ̀. Mo pe Dádì lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n ya fọ́tò gbogbo igun ẹ̀ wá, títí kan abẹ́ ẹ̀. Ó kù bí mo ṣe máa gbé e délé. Ta ló ní trailer nítòsí Wolverhampton?

Welda_Brum
Èmi ní in, winch, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa mọ́tò, wà lára ẹ̀. Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́wàá mo ráyè. Ẹsẹ̀ tí bíréèkì ti di mú lè kọ̀ láti yí, màá gbé skate tí wọ́n ń kó sábẹ́ táyà wá. Wọn ẹnu ọ̀nà gáréèjì yẹn fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ iwájú ẹ̀ dagẹ̀rẹ̀.